Ẹ Bi Wá: Irun Ni Súwẹ́tà Yín, Ẹ Má Ṣe Fọ̀ Ọ́ Bí Ẹni Ń Fọ Òwú

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa pé aṣọ wo ló máa ń tètè bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ jù lọ, èyí tí lẹ́tà yín sì dárúkọ jù ni súwẹ́tà tí a fi irun àgùntàn hun. Àwọn kan kọ̀wé pẹ̀lú ìbànújẹ́ nítorí èyí tó ti bàjẹ́, àwọn mìíràn kọ̀wé nítorí èyí tí wọn kò fẹ́ kó bàjẹ́. Mo yan méje nínú àwọn lẹ́tà náà. Ẹ óò rí i pé ohun kan ṣoṣo ni mò ń padà sí nínú gbogbo ìdáhùn mi: irun ni aṣọ yìí, ara ẹran ló ti hù, kò sì bá òwú tó hù lóko tan rárá.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi fi súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó di olóògbé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi hun ún. Ní oṣù tó kọjá, mo kó o pọ̀ mọ́ àwọn aṣọ yòókù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo sì lo omi gbígbóná nítorí mo fẹ́ kó mọ́ dáadáa. Nígbà tí mo yọ ọ́ jáde, ó ti kéré débi pé ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ló lè wọ̀ ọ́, ó sì ti ki bí awọ. Kí ló ṣe é? Ṣé ó ṣeé dá padà? — Ọmọ tó ń kẹ́dùn

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú kálàmù, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni ẹ ń sunkún lé lórí.

Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo fọ́nrán irun àgùntàn kan, a óò rí i pé ara rẹ̀ kò dán. Ìpẹ́ kéékèèké ló bò ó láti ìdí dé orí, ọ̀kan gun orí èkejì, ẹnu gbogbo wọn sì kọjú sí ibì kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá kan fọ́nrán náà, ó máa ń rọ̀, ìpẹ́ ara rẹ̀ á sì máa là. Bí ẹ̀rọ bá wá ń yí i, tó ń gbé e lu ara wọn, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á máa yọ́ rìn lọ síwájú, ṣùgbọ́n kò ní lè rìn padà sẹ́yìn, nítorí ìpẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀ mú. Bí èyí bá ti ń lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán á ti wọnú ara wọn, àlàfo tó wà láàárín wọn á pa dé, aṣọ á sún kì, á sì ki. Nítorí náà, fọ́nrán irun inú súwẹ́tà yín kò kúrú sí i; wíwọ̀ ni wọ́n wọnú ara wọn. Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ti ń mọ̀ọ́mọ̀ lò láti ayébáyé, tí wọ́n fi ń sọ irun àgùntàn di aṣọ kíki tí wọ́n fi ń ṣe fìlà, ẹní ilẹ̀ àti àgọ́. Ohun tó bà yín nínú jẹ́ ni pé ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ tí ẹ kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí.

Bóyá ó ṣeé dá padà tàbí kò ṣeé dá padà, ojú ara rẹ̀ ni ẹ óò fi mọ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì wo ojú ìhun rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń rí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìyá yín hun, tí aṣọ náà sì ń nà díẹ̀ bí ẹ bá fà á, ìrètí wà. Ẹ da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà, ẹ fi síbí méjì nínú ìpara olómi tí a fi ń mú irun orí rọ̀ lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán sínú omi náà, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìpara yìí á mú kí ara fọ́nrán náà máa yọ̀, kí wọ́n lè rọra jọ̀wọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde láìfún un, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura tó gbẹ, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ méjèèjì nà án díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n ìka kan sí ìka méjì lẹ́ẹ̀kan, ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ẹ lè fi abẹ́rẹ́ olórí tí kì í dípẹtà gun etí rẹ̀ mọ́ aṣọ ìnura náà kó má baà sún padà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó gbẹ. Bí ó bá fẹ̀ sí i díẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tó máa padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ tó láti wọ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ kò bá rí ojú ìhun mọ́ ńkọ́? Nígbà náà, ẹ má ṣe dá ara yín lágara, kò sí ọṣẹ tàbí ìpara kankan tó lè tú u. Aṣọ tó ti ki báyìí ní ànfààní kan ṣá: bí a bá fi àlùmọ́gàjí gé e, etí rẹ̀ kì í tú. Ẹ lè fi rán ìrọ̀rí tàbí fìlà. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún wa pé ó bá ọmọ yín mu. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbé àlùmọ́gàjí sún mọ́ ọn. N óò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí n máa fi ọwọ́ fọ súwẹ́tà mi? Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí mo fi ń fọ gbogbo aṣọ ilé ni mò ń lò fún un, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó ń le sí i lọ́dọọdún, ó sì ń fẹ́lẹ́ níbi ìgúnpá. — Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà láìmọ̀. Kẹ́rátíìnì ni èròjà tí irun àgùntàn jẹ́. Òun náà ló wà nínú irun orí wa àti èékánná wa, ẹ̀yà purotéènì kan sì ni. Wàyí o, ọ̀pọ̀ ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹ́ńsáìmù sí, lára iṣẹ́ tí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí sì ń ṣe ni pé kí wọ́n máa jẹ àbàwọ́n tó ní purotéènì nínú, irú bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà kò mọ èyí tó jẹ́ àbàwọ́n yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ súwẹ́tà. Bí ẹ bá ti ń fi fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́, ibi tí ìfarakanra bá sì pọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìgúnpá, ni ẹ óò ti kọ́kọ́ rí i. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ọṣẹ oníyẹ̀fun ló máa ń ta ọwọ́ nítorí agbára kẹ́míkà inú rẹ̀, agbára yìí kan náà sì ń mú irun àgùntàn le, ó ń mú un gbẹ háúháú. Ọṣẹ tó yẹ ni ọṣẹ olómi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé irun àgùntàn àti sílíìkì ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ kò bá rí i, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun orí dára, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: irun ni ẹ ń fọ̀. Ní ti bílíìṣì oníkilọríìnì, kó má tilẹ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú súwẹ́tà yín. Kì í ṣe pé ó ń pa á láwọ̀ dà nìkan. Ó lè mú irun àgùntàn yọ́ pátápátá.

Nípa ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ, lébẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ ni kí ẹ bi léèrè. Àwòrán bàsíà tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀ túmọ̀ sí pé ọwọ́ ni kí a fi fọ̀ ọ́. Àwòrán bàsíà tí ìlà méjì wà lábẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ lè fọ̀ ọ́, bí ẹ bá yí i sí ibi tó rọra jù lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní ti irun àgùntàn. Bí wọ́n bá fi àmì X fa bàsíà náà kọjá, ẹ má ṣe fi omi kàn án. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ tó ń lo kẹ́míkà ló yẹ kó lọ. Àwọn súwẹ́tà kan wà tí iléeṣẹ́ ti pa ìpẹ́ ara irun wọn rẹ́ tàbí kí wọ́n ti fi èròjà tín-ín-rín kan bò ó, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè fọ̀ wọ́n láìsún kì. Bí lébẹ̀lì bá ti já, ẹ kà á sí aṣọ tí ọwọ́ ń fọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ bu omi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ jó yín, kò sì gbọdọ̀ mú yín gbọ̀n. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí ẹ tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹ yí inú súwẹ́tà náà síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti fi ti omi gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe gbo ó bí ẹni ń gbo ewé. Ẹ fi omi tí kò yàtọ̀ ní ìgbóná sí ti àkọ́kọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ wá kù: bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde nínú omi, ẹ má ṣe di èjìká rẹ̀ mú. Irun àgùntàn máa ń fa omi mọ́ra púpọ̀, ó máa ń wúwo bó bá tutù, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù nígbà náà, tó fi jẹ́ pé ìwúwo ara rẹ̀ nìkan tó láti fà á gùn títí láé. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e láti ìsàlẹ̀, bí a ti ń gbé ọmọ tuntun jáde nínú omi ìwẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura ńlá, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí a ti ń ká ẹní, kí ẹ sì fi ọwọ́ tàbí orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí aṣọ ìnura náà lè fa omi rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ tẹ́ súwẹ́tà náà sórí aṣọ ìnura mìíràn tó gbẹ, ẹ tún apá rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ ṣe bí ẹ ti fẹ́ kó rí, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kúrò lójú oòrùn. Oòrùn máa ń sọ irun funfun di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń mú àwọ̀ tí a pa á láró ṣá. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì kó tó gbẹ. Ẹ ní sùúrù fún un, kí ẹ má sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ, nítorí ìgbóná àti yíyí ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀, àwọn méjèèjì ló sì ba súwẹ́tà ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́.

Ìgbà mélòó ni kí n wọ súwẹ́tà kí n tó fọ̀ ọ́? Èmi máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. — Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó

Ìyẹn ti pọ̀ jù. Irun àgùntàn lè fa omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ àti ara wa láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù, bí ẹ bá sì tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn wà, yóò tú ọ̀rinrin náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òórùn yóò sì bá a lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù òwú tín-ín-rín sí abẹ́ rẹ̀ kí òógùn má baà kàn án ní tààrà, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó tún un wọ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá ń ṣe báyìí, súwẹ́tà tí ẹ ń wọ̀ lóòrèkóòrè lè gba ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí nǹkan bá ta sí i lára, ojú ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọ̀: ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ kó fa àbàwọ́n náà, ẹ má ṣe nù ún síwá sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi súwẹ́tà olówó iyebíye kan ta mí lọ́rẹ, èyí tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ kashmir hun. Kò tíì pé oṣù kan tí kókó kéékèèké fi bò ó lábẹ́ apá àti níbi ìhà. Ṣé wọ́n ta ayédèrú fún un ni? Ojú ń tì mí láti bi í. — Àbúrò

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ má sì ṣe fura sí ẹni tó tà á torí èyí nìkan. Bí fọ́nrán bá ṣe tín-ín-rín tó ló ṣe máa ń rọ̀ tó lára, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe rọrùn tó fún un láti yọrí síta kó sì lọ́ mọ́ra. Ìwọ̀n fọ́nrán kashmir kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 19 lọ, nígbà tí irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Máíkírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Ibi tí apá ti ń ra ara, tàbí tí okùn báàgì ti ń ra èjìká, ni àwọn fọ́nrán kúkúrú ti ń jáde, tí wọ́n sì ń di kókó. Bí àwọn fọ́nrán kúkúrú náà bá ti jáde tán, kókó náà á dín kù. Mo gbà pé èyí tí wọ́n fi fọ́nrán kúkúrú hun tàbí tí ìhun rẹ̀ ṣe wọ́jọwọ̀jọ máa ń yọ kókó ju èyí tí ìhun rẹ̀ le lọ, ṣùgbọ́n ojúlówó náà ń yọ kókó.

Ẹ tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ẹ na ibi tí kókó wà díẹ̀, kí ẹ sì fi kóòmù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí rọra yà á sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Fún aṣọ tó nípọn, ẹ lè lo ẹ̀rọ kékeré tí ń fá kókó. Ẹ má ṣe fi èékánná fà á tu, nítorí fọ́nrán mìíràn ni ẹ óò máa bá a fà jáde, èyí tí yóò di kókó tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Mo ṣí àpótí tí mo kó súwẹ́tà wa sí láti ọdún tó kọjá, mo sì bá ihò róbótó-róbótó lára mẹ́ta nínú wọn. N kò rí eku, n kò sì rí aáyán. Aládùúgbò mi ní kí n da káńfọ̀ sí gbogbo inú àpótí náà. Ẹ gbà mí o. — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin

Mo mọ bó ṣe ń dun ni. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan wà tí mo wọ̀ fún ọdún 11, tí kò sí ohun tó ṣe é, àfi ìgbà tí mo kó o pamọ́ láìfọ̀ nítorí ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo tún gbé e jáde, àyà rẹ̀ ti lu bí asẹ́. Àárẹ̀ ọjọ́ kan ló gba aṣọ ọdún 11 lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ìdáhùn yìí gùn díẹ̀.

Kòkòrò tí ń jẹ aṣọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní òólá, ló ṣe yín ní iṣẹ́ yìí. Èyí tó ní ìyẹ́, tó ń fò, tó dà bí labalábá kékeré aláwọ̀ koríko gbígbẹ, kì í jẹ nǹkan kan. Gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà 6 sí 8 lọ, ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Ẹyin ló ń yé sára aṣọ, ó lè tó 40 sí 50, àwọn ìdin funfun tó jáde láti inú ẹyin náà ló sì ń jẹ irun. Kẹ́rátíìnì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni oúnjẹ wọn, ìwọ̀nba ẹ̀dá díẹ̀ ló sì lè jẹ ẹ́ kó dà nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn ibi tí òógùn, ọ̀rá ara tàbí èérún oúnjẹ bá wà lára aṣọ ju ibi tó mọ́ lọ, wọ́n sì fẹ́ràn òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni kì í dà láàmú. Ìdí nìyí tí àpótí tí a kò ṣí fún ọdún kan fi jẹ́ ilé ìtura fún wọn.

Ẹ kó gbogbo aṣọ inú àpótí náà jáde, kì í ṣe àwọn mẹ́ta tó ti lu nìkan. Ẹ gbọ̀n wọ́n níta, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìsàlẹ̀ kọ́là, abẹ́ apá àti etí àpò wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin máa ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ di súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí ẹ ti tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì kó wọn sínú fìrísà tó tutù dé ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òtútù yìí ń pa ìdin, ó sì ń pa ẹyin. Nígbà tí ẹ bá kó wọn jáde, ẹ má ṣe tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí ìrì má baà sẹ̀ sára aṣọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku fa gbogbo kọ̀rọ̀ àpótí náà àti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì da ohun tó bá fà nù síta ilé lójú ẹsẹ̀.

Ní ti káńfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ̀lé aládùúgbò yín. Èyí tí wọ́n fi náfútálíìnì ṣe ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ gan-an ló ń pa á, èéfín yẹn náà sì ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín yóò máa fà símú lára aṣọ. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò ní èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD tó bó ti yẹ, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Náfútálíìnì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú wọn máa fọ́ nínú ara, ó sì léwu jù fún ọmọ ọwọ́. Ọmọ kékeré tún lè rò pé súìtì ni, kó sì gbé e mì. Ẹ ní ọmọ mẹ́rin nílé. N kò lè gbà yín nímọ̀ràn láti kó o wọlé.

Igi kédárì àti ewé lafẹ́ńdà tí àwọn ènìyàn ń fi sáàárín aṣọ kò ní ewu, òórùn wọn sì dára, ṣùgbọ́n wọn kì í pa kòkòrò tó ti wọlé, agbára òórùn náà sì ń tán. Ohun tó dájú ni kí ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dé inú, kí ẹ kó o sínú ohun tó ní ìdérí tó dé pinpin, kí ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lóṣooṣù.

Ṣé háńgà dára fún súwẹ́tà? Ṣé mo sì lè lọ̀ ọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́

Kò dára. Èjìká rẹ̀ á yọ ìwo, ara rẹ̀ á sì gùn sísàlẹ̀; ẹ ká a sínú àpótí, kí èyí tó wúwo jù wà nísàlẹ̀. Ẹ lè lọ̀ ọ́ bí lébẹ̀lì bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí áyọ́ọ̀nù má kọjá àmì tó ní ojú róbótó kéékèèké méjì, èyí tí ìgbóná rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 150 lọ. Ẹ fi aṣọ òwú tó rin díẹ̀ sáàárín, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e kí ẹ sì gbé e kúrò; ẹ má ṣe wọ́ ọ lórí ìhun.

Nígbà tí mo gbá súwẹ́tà mi mọ́ ìṣó ara ilẹ̀kùn, okùn kan fà yọ síta bí ìkọ́, mo sì gé e. Ní báyìí ó ti di ihò tó tó ojú owó ẹyọ, ó sì ń fẹ̀ sí i. Ṣé kí n sọ ọ́ nù? — Bàbá kan tó ń dá gbé

Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, bàbá. Gígé yẹn ló dá ihò náà sílẹ̀, nítorí okùn kan ṣoṣo ló máa ń hun ìlà gbogbo láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì; bí a bá gé e, ìkọ́ tó dì mú á jábọ́, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà á sì tẹ̀lé e. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ fa okùn náà gba inú aṣọ lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ na ìhun náà díẹ̀ kí ó lè pín in káàkiri.

Fún ihò tó ti wà yìí, ẹ wá okùn irun àgùntàn tí àwọ̀ rẹ̀ àti sísanra rẹ̀ sún mọ́ ti súwẹ́tà yín, àti abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àti fọ́nrán òwú tín-ín-rín mú gbogbo ìkọ́ tó là sílẹ̀ yí ihò náà ká, kí wọ́n má baà tú mọ́. Ẹ ti ohun róbótó kan tó dán, irú bí bọ́ọ̀lù kékeré, sábẹ́ rẹ̀ kí ojú ihò náà lè tẹ́. Ẹ wá máa ran okùn náà láti òkè sísàlẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aṣọ ti le dáadáa, níwọ̀n ìbú ìka kan sí etí ihò, nítorí etí ihò fúnra rẹ̀ kò lágbára láti di nǹkan mú. Nígbà tí ẹ bá bo ojú ihò tán, ẹ yí i, kí ẹ máa gba òsì lọ sí ọ̀tún, ẹ gba orí okùn kan, ẹ gba abẹ́ èkejì, bí ẹni ń hun ẹní. Ẹ má ṣe fà á le. Ẹ fi ìkọ́ kékeré sílẹ̀ ní ìkángun ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí okùn tuntun náà yóò sún kì díẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti rí àyè tí kò fi ní fa aṣọ tó yí i ká jọ.